Bàbá tó fara pamọ́ sínú orúkọ Póòpù

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí èéfín funfun rú jáde lórí òrùlé ilé ìsìn Sistine ní Vatican, tí kádínà kan sì bọ́ sí bákónì láti kéde ní èdè Látìnì pé ìjọ ti ní Póòpù tuntun, ọmọ àbúrò mi kan tó jókòó tì mí nídìí tẹlifíṣọ̀n bi mí ní ìbéèrè kan tí mo kọ́kọ́ rò pé kò le. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ Póòpù?" Mo dá a lóhùn pé Póòpù ni olórí gbogbo Ìjọ Àgùdà lágbàáyé. Ó mi orí. Ó ní, "Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, Bàbá. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni mo ń béèrè."

N kò ní ìdáhùn kankan lẹ́nu, mo sì ní kó fún mi láyè díẹ̀. Mo lọ ṣí ìwé, mo sì kà á títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára ju bí mo ti rò lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìdáhùn náà ti wà nínú ìbéèrè ọmọ náà kó tó parí rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bí i. Àbúrò mi ló bí i. Síbẹ̀, Bàbá ló ń pè mí, nítorí pé lẹ́nu rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ẹni tó bí i lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, nínú irú ìlò yẹn gan-an, ni Póòpù. Bàbá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe olórí, kì í sì ṣe àlùfáà àgbà.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní èdè Gíríìkì àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìkókó ni páppas, ìyẹn irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí ètè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa pọ̀ lè pè, tí ó sì ń bá ọmọ náà dàgbà. Nínú ewì Homer, ọmọbìnrin ọba kan fẹ́ tọrọ kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí ó lè kó aṣọ lọ fọ̀ létí odò, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá ti pe bàbá òun báyẹn, ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀. Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó wúwo fún bàbá, èyí tí wọ́n ń lò nílé ẹjọ́ àti nínú ìwé òfin. Páppas kò sí lára irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Èdè Látìnì yá a, ó di papa. Títí di òní, Papa ni àwọn ará Ítálì, àwọn ará Sípéènì àti àwọn Potogí ń pe Póòpù. Pape ni àwọn Faransé ń pè é.

Báwo ló ṣe wá di Póòpù lẹ́nu tiwa? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, pāpa ni àwọn náà ń pè é, ṣùgbọ́n bí ọ̀rúndún ti ń gorí ọ̀rúndún, ìró "a" gígùn inú èdè wọn yí padà di "o" nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, papa sì bá wọn lọ. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti yá tirẹ̀, lẹ́yìn tí ìró bàbá ti ṣí kúrò lára ọ̀rọ̀ náà tán. Nítorí náà ni etí Yorùbá kò fi gbọ́ nǹkan kan nínú Póòpù ju orúkọ oyè àjèjì kan lọ, bí ẹni pé kádínà tàbí bíṣọ́ọ̀bù náà ni. Ká ní ẹnu àwọn Potogí ni a ti gbà á ni, ọmọ àbúrò mi ì bá má béèrè rárá. Lójú tèmi, àwọn tó ń sọ pé Bàbá Mímọ́ ni wọ́n sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù lọ láàárín wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyè ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń túmọ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé níbi tí a dé yìí, ẹnìkan yóò ti ṣí ìwé Mátíù orí 23, ẹsẹ 9, níbi tí Jésù ti sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní baba wọn láyé, nítorí ẹnìkan ṣoṣo ni Baba wọn, ẹni tó ń bẹ ní ọ̀run. Ẹsẹ náà kò ṣeé gbójú fò, n kò sì ní fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni fi ọgbọ́n orí gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ká ka ohun tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ipò ọlá nídìí àsè ni Jésù ń bá wí, àwọn tó ń fẹ́ kí wọ́n máa kí wọn lọ́jà, kí wọ́n sì máa pè wọ́n ní Rábì. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a pè wọ́n ní olùkọ́. Pọ́ọ̀lù tí ó mọ ẹ̀kọ́ yìí kò lọ́ tìkọ̀ láti kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí wọ́n tilẹ̀ ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún olùkọ́ nínú Kristi, baba wọn kò pọ̀, nítorí òun ló fi ìyìn rere bí wọn. Ọ̀rọ̀ Árámáíkì náà, Ábà, tí Jésù fúnra rẹ̀ fi ń pe Ọlọ́run, tó sì wà nínú ìwé Róòmù orí 8 àti Gálátíà orí 4, kò pẹ́ kí àwọn Kristẹni tó fi pe ènìyàn: àwọn tó lọ gbé aginjù Íjíbítì láti gbàdúrà ń pe àgbà tó ń tọ́ wọn sọ́nà ní ábà, àwọn ará Etiópíà sì ń pe bíṣọ́ọ̀bù wọn ní Abuna, èyí tó túmọ̀ sí "bàbá wa". Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Ábà àti papa. Kò sí èyí tí ìgbìmọ̀ kankan jókòó fi jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu àwọn tí a tọ́ ló pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn ni ti àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Nínú àkọsílẹ̀ tó kù fún wa, Heraclas, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, tó wà lórí àga láti nǹkan bí ọdún 232 sí 248, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a rí tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Dionysius tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àlùfáà kan ní Róòmù, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé òun gba ìlànà kan lọ́wọ́ papa àwọn, Heraclas olùbùkún. Eusebius tó kọ ìtàn ìjọ ló tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ẹ kíyè sí i pé sí Róòmù ni lẹ́tà náà ń lọ. Dionysius kò rò pé ẹni tí òun ń kọ̀wé sí yóò bínú, tàbí kí ó ní ta ni ń jẹ́ papa lẹ́yìn bíṣọ́ọ̀bù tiwa.

Ìtàn Carthage tún ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 250, nígbà inúnibíni Késárì Decius, wọ́n pa Fabian tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Ìpọ́njú náà le débi pé fún ohun tó lé ní ọdún kan, Róòmù kò lè yan ẹlòmíràn, àwọn àlùfáà àti díákónì ìlú náà ló ń darí ìjọ. Ní àkókò yìí, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ti sá pamọ́ kí ọwọ́ má baà tẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi lẹ́tà tọ́ ìjọ rẹ̀ láti ibi tó wà. Àwọn àlùfáà Róòmù gbọ́, ó sì hàn pé inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí sísá náà. Síbẹ̀, nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Carthage, "papa Cyprian olùbùkún" ni wọ́n pè é, nígbà tí wọ́n sì ń kọ̀wé sí òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà, orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sókè lẹ́tà: sí papa Cyprian. Ẹ fojú inú wò ó: ìjọ Róòmù tí àga bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣófo ń kọ̀wé sí Áfíríkà, ó sì ń pe bíṣọ́ọ̀bù ará Áfíríkà ní Póòpù. Bí ẹnìkan bá túmọ̀ lẹ́tà yẹn lónìí, tí ó sì lo ọ̀rọ̀ wa tó wà nílẹ̀, ẹni tó bá kà á yóò rò pé àṣìṣe ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn mìíràn. Arius, àlùfáà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa Ọmọ Ọlọ́run dá ìjà ńlá sílẹ̀ nínú ìjọ, kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ Alexander, "papa àti bíṣọ́ọ̀bù wa" ló sì fi kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Jerome, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù rí, tó sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe nǹkan níbẹ̀, kọ̀wé sí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ó sì pè é ní papa tó kún fún ìbùkún. Hippo kì í ṣe ìlú tó tó Róòmù. Ẹni tó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, tí o sì bọ̀wọ̀ fún, tí o sì fẹ́ràn rẹ̀, papa ni.

Ní ti Róòmù fúnra rẹ̀, àmì kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìwé àṣẹ lọ. Nínú ihò ìsìnkú Callixtus, tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn odi Róòmù, wọ́n rí òkúta kan tí díákónì kan tó ń jẹ́ Severus fín ọ̀rọ̀ sí. Ó ní òun ṣe yàrá ìsìnkú alápá méjì fún ara òun àti àwọn ènìyàn òun pẹ̀lú àṣẹ papa òun, Marcellinus. Marcellinus jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù láti ọdún 296 sí 304. Nínú gbogbo ohun tó kù fún wa, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i tí wọ́n pe bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ní papa. Kò sí ní ààfin, kò sí nínú òfin Késárì. Ara òkúta ni, láàárín àwọn òkú, láti ọwọ́ ẹni tó ń palẹ̀ ibi tí wọn yóò sin àwọn ará ilé rẹ̀ sí mọ́. Kò sì sọ pé "papa" lásán. "Papa rẹ̀" ló kọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé bàbá mi, bàbá rẹ. Ní àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ náà ṣì nílò ọmọ kí ó tó ní ìtumọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti wá dínkù di ti ẹnìkan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ni. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹrin, nígbà tí Siricius jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, títí wọ inú ọ̀rúndún kẹfà, a ń rí i pé àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi papa láìfi orúkọ ìlú kún un tọ́ka sí bíṣọ́ọ̀bù Róòmù nìkan. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè nawọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin, àṣà ti ṣe iṣẹ́ náà parí: nínú àkọsílẹ̀ gbólóhùn 27 kan tó wà láàárín àwọn lẹ́tà Póòpù Gregory Keje, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọdún 1075, gbólóhùn kọkànlá sọ pé orúkọ yìí jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní ayé. Àkọsílẹ̀ kan náà ló sọ pé Póòpù lè yọ Késárì lóyè. Ọ̀nà jìn gan-an láàárín ìyẹn àti òkúta Severus.

Ní Ìlà-oòrùn ńkọ́? Ọ̀nà òdìkejì ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Dípò kí ó gòkè lọ dúró sórí ẹnìkan, ó sọ̀kalẹ̀ tọ gbogbo àlùfáà lọ. Títí di òní, papás ni àwọn ará Gíríìsì ń pe àlùfáà ìjọ wọn, ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé; ìdí nìyẹn tí orúkọ ìdílé náà, Papadopoulos, èyí tó túmọ̀ sí ọmọ àlùfáà, fi wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, pop, láti orísun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gàn ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ilé ìjọsìn kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀kan di adé, èkejì di orúkọ ẹni tó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ aládùúgbò.

Alẹkisáńdíríà ní tirẹ̀ kò fi oyè náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Olórí Ìjọ Kọ́pítíìkì, ìjọ àwọn Kristẹni Íjíbítì, tó ka ìjókòó rẹ̀ sí ti Máàkù ajíhìnrere, ń jẹ́ Póòpù Alẹkisáńdíríà. Tawadros Kejì ló wà níbẹ̀ láti ọdún 2012, lẹ́yìn Shenouda Kẹta tó lo ogójì ọdún. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Gíríìkì náà ní olórí tirẹ̀ ní ìlú kan náà, Theodore Kejì, òun náà sì ń jẹ́ Póòpù àti Pátíríákì, ìyẹn olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, Alẹkisáńdíríà àti gbogbo Áfíríkà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Póòpù kan ṣoṣo ló wà láyé sọ òótọ́ nípa Ìjọ Àgùdà nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo sọ èyí fún ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n rò pé mo ń ṣe àwàdà.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn oyè mìíràn tó ń bá Póòpù Róòmù rìn, nítorí pé ìgbà tí mo kó wọn jọ ni mo tó rí bí papa ti dá yàtọ̀ láàárín wọn. Pontifex Maximus kì í ṣe oyè Kristẹni níbẹ̀rẹ̀. Olórí àwọn àlùfáà òrìṣà Róòmù ló ń jẹ́ ẹ. Julius Caesar jẹ ẹ́ ní ọdún 63 kí a tó bí Kristi, Augustus gbà á ní ọdún 12 kí a tó bí Kristi, àwọn Késárì sì ń jẹ ẹ́ lọ títí di Gratian ní ọ̀rúndún kẹrin, Késárì onígbàgbọ́ tó kọ̀ ọ́. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn gbà pé ìtumọ̀ pontifex ni ẹni tó ń ṣe afárá. Ẹni tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ lónìí yóò rí i tí wọ́n gé e kúrú sí PONT MAX lẹ́yìn orúkọ Póòpù Paul Karùn-ún, pẹ̀lú ọdún 1612, ní lẹ́tà gàdàgbà. Nígbà tí Benedict Kẹrìndínlógún bẹ̀rẹ̀ sí í lo Twitter ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Pontifex ni orúkọ tí wọ́n fi ṣí ojú ewé náà. Oyè àwọn abọ̀rìṣà Róòmù sì bọ́ sórí fóònù.

"Adelé Kristi" ni èkejì. Ọ̀rọ̀ wa, adelé, bá vicarius ti Látìnì mu dáadáa, nítorí kì í ṣe olóyè, ẹni tó ń dúró de olóyè ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, adelé Pétérù ni àwọn Póòpù sábà máa ń pe ara wọn. Innocent Kẹta, tó jẹ láti ọdún 1198 sí 1216, ló tẹnu mọ́ ọn pé òun kì í ṣe adelé ènìyàn bí kò ṣe ti Kristi. Láti ìgbà náà ni èyí ti borí.

Ṣùgbọ́n Gregory Kìn-ín-ní, tó jẹ láti ọdún 590 sí 604, ló mú mi dúró pẹ́ jù. Pátíríákì Constantinople nígbà ayé rẹ̀, John tí wọ́n ń pè ní Aláàwẹ̀, ń jẹ́ pátíríákì gbogbo àgbáyé. Gregory fárígá. Ó kọ̀wé sí Késárì pé ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní àlùfáà gbogbo àgbáyé, tàbí tó fẹ́ kí a pe òun bẹ́ẹ̀, aṣáájú Aṣòdì-sí-Kristi ni nínú ìgbéraga rẹ̀. Ẹnìkan lè rò pé owú ló ń jẹ ẹ́. Bóyá ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Eulogius, pátíríákì Alẹkisáńdíríà, fẹ́ tù ú nínú, tó sì kọ̀wé sí i pé òun ni papa gbogbo àgbáyé, Gregory kọ èyí náà. Ó ní òun kò ka ohun tó bá gba ọlá kúrò lọ́wọ́ àwọn arákùnrin òun sí ọlá fún òun. Oyè tó fẹ́ràn ni servus servorum Dei, ìránṣẹ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run, Látìnì sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí servus lè jẹ́ ẹrú gan-an. Bí a bá sì ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí 9, ẹsẹ 25, ní èdè Látìnì, a ó rí "servus servorum" níbẹ̀ nínú ègún tí Nóà fi Kénáánì gún. N kò mọ oyè mìíràn láyé tí a fi ọ̀rọ̀ ègún ṣe. Òun ló ṣì máa ń tẹ̀ lé orúkọ Póòpù níbẹ̀rẹ̀ àwọn ìwé àṣẹ ńlá títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárín Gregory Kìn-ín-ní àti Gregory Keje, àwọn tó ń fọwọ́ sí i ti kọ́ bí a ti ń pe ara ẹni ní ẹrú tí a ó sì máa pàṣẹ fún ọba.

Níbí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sí nípa àwọn ìtumọ̀ tó ń kiri lórí fóònù wa. Àwọn kan ní lẹ́tà mẹ́rin PAPA dúró fún gbólóhùn Látìnì kan tó sọ pé ẹni náà gba agbára Pétérù àpọ́sítélì. Ìtumọ̀ àkànmọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn ọmọdé Gíríìkì ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí a tó bí Pétérù. Àwọn mìíràn ní Vicarius Filii Dei, adelé Ọmọ Ọlọ́run, ni oyè Póòpù, wọ́n sì ń ka àwọn lẹ́tà Látìnì tó dúró fún nọ́ńbà inú rẹ̀: 112 láti inú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, 53 láti inú èkejì, 501 láti inú ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 666. Ìṣirò náà pé. Oyè náà ni kò sí nínú àwọn oyè tí Póòpù ń jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti jáde ni ìwé kan tí wọ́n ní Késárì Constantine fi fún Póòpù ní ẹ̀bùn ìlú àti ilẹ̀, ìwé tí Lorenzo Valla, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, fi hàn ní ọdún 1440 pé ayédèrú ni, nítorí Látìnì inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà Constantine. Pétérù sì ni ìwé náà ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ìjọ Àgùdà jiyàn ní ohun tó ju ìyẹn lọ láti fi jiyàn.

Vatican fúnra rẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ àwọn oyè yìí. Ní ọdún 2006, Benedict Kẹrìndínlógún yọ "Pátíríákì Ìwọ̀-oòrùn" kúrò nínú ìwé ọdọọdún tí wọ́n ń to oyè Póòpù sí. Ní ọdún 2020, ìwé náà kọ orúkọ Jorge Mario Bergoglio, ìyẹn orúkọ àbísọ Póòpù Francis, sókè, ó sì to Adelé Kristi àti àwọn yòókù sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oyè inú ìtàn. Ní ọdún 2024, Pátíríákì Ìwọ̀-oòrùn tún padà wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2013 tí wọ́n yan Francis yìí kan náà, ohun tó sọ fún àwọn èrò láti bákónì ni pé iṣẹ́ àwọn kádínà ni láti fún Róòmù ní bíṣọ́ọ̀bù, ó sì dà bíi pé wọ́n lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpẹ̀kun ayé kí wọ́n tó rí i. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà fún Benedict, "bíṣọ́ọ̀bù wa tó ti fẹ̀yìn tì".

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù tó ti fẹ̀yìn tì ni Benedict pe ara rẹ̀. Lẹ́yìn tó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2013, papa emeritus ni wọ́n kéde pé yóò máa jẹ́, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Àwọn onímọ̀ òfin ìjọ kan kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní òfin ti ní oyè fún bíṣọ́ọ̀bù tó bá fi ipò sílẹ̀, àti pé kò yẹ kí Póòpù méjì wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà lórúkọ. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání bí a bá wo ọ̀fíìsì. Emeritus jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù ń lò fún sójà tó ti lo iye ọdún rẹ̀ pé. Ó bá bíṣọ́ọ̀bù mu, nítorí pé iṣẹ́ ni bíṣọ́ọ̀bù, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gíríìkì sì ni alábòójútó, ènìyàn sì lè dẹ́kun àbójútó. Bí a ṣe ń fẹ̀yìn tì kúrò nínú jíjẹ́ papa ni kò yé mi. Mo gbé ìbéèrè náà padà fún ọmọ àbúrò mi, ó sì ní ó dára báyẹn, nítorí tí òun bá tilẹ̀ bá mi jà, ohun kan náà ni òun yóò máa pè mí.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Póòpù Róòmù àti Póòpù Alẹkisáńdíríà máa ń pe ara wọn ní Póòpù tí wọ́n bá pàdé. Mo ti rí ìdáhùn èyí. Láti ìgbà ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Chalcedon ní ọdún 451 ni ìjọ méjèèjì ti pínyà. Ní ọdún 1973, Shenouda Kẹta lọ kí Paul Kẹfà ní Róòmù, ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé kan nípa ìgbàgbọ́ wọn nínú Kristi. Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà pe Paul ní bíṣọ́ọ̀bù Róòmù àti Póòpù Ìjọ Kátólíìkì, ó sì pe Shenouda ní Póòpù Alẹkisáńdíríà àti Pátíríákì ìjókòó Máàkù Mímọ́. Papa méjì wà nínú gbólóhùn kan, bí ó ti rí nígbà tí Róòmù ń kọ̀wé sí Cyprian, àwọn méjèèjì sì fi ọwọ́ ara wọn sí i.